Ṣé ìjì ló ṣí òrùlé yín ni, àbí ogbó ló ṣí i?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjì kan jà lóṣù tó kọjá, ó ká páànù mẹ́rin kúrò lórí ilé wa, òjò sì rọ wọlé títí ilẹ̀ fi mọ́. Àjà pálọ̀ já lulẹ̀, àga àti tẹlifíṣọ̀n bàjẹ́, àjà yàrá ìbùsùn náà sì rin gbingbin. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò rán ọkùnrin kan wá, kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà wọn dé pé àwọn ò ní san ohunkóhun, nítorí pé “ìbàjẹ́ náà wá láti inú gbígbó àti àìtọ́jú òrùlé”. Òótọ́ ni pé òrùlé náà ti pé ọdún 16, ó sì ti dípẹtà níbì kan. Ṣùgbọ́n ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń san owó wọn láì fi ọjọ́ kan jẹ wọ́n, n kò sì béèrè ohunkóhun rí. Ṣé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Ilé tí òjò bá rọ wọ̀ mọ́jú, oorun kì í tètè kun ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú díẹ̀ báyìí, àyà á máa já.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fì sí, kí ẹ má baà máa fi ìfòyà ka ìyókù. Mo wo gbogbo fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́. Lójú tèmi, wọ́n jẹ yín ní owó pálọ̀, wọn ò jẹ yín ní owó yàrá. Ti òrùlé fúnra rẹ̀ wà láàárín méjì, ibẹ̀ sì ni ìjà náà máa le sí. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú gbólóhùn kan ṣoṣo, wọ́n wá fi gbólóhùn yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Iṣẹ́ yín báyìí ni kí ẹ tú ẹrù náà palẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ọdún 11 kúrò lọ́nà ná, torí mo mọ̀ pé òun ló ń dùn yín jù. Kò ní gbè yín. Owó ìdójútòfò kì í ṣe owó ìpamọ́ tó ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á. Ọdún tó bá kọjá láìsí òfò, owó ọdún náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán: ó gbé ewu rù fún yín, ewu ò sì dé. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yín, ẹni tó máa kà á á kàn mi orí ni, á sì fò ó. Ẹ jẹ́ kó mọ́ sínú.

Ohun tí wọ́n ń gba owó lé lórí ni ohun tó bá dé lójijì, tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò dé lọ́dún yìí. Gbígbó òrùlé kò sí lára rẹ̀. Oòrùn ń yan án lójoojúmọ́, òjò ń nà án, rọ́bà tó wà lábẹ́ orí ìṣó ń gbẹ, ó ń sán. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ pípààrọ̀ ń bọ̀, bó pẹ́ bó yá. Nínú òfin ìdójútòfò ọkọ̀ ojú omi tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1906, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé adójútòfò kò ní san owó ogbó lásán, tàbí ti jíjò tí kò ju bó ṣe máa ń jò lọ, tàbí ti ohun tí eku àti kòkòrò bá jẹ. Ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n èrò kan náà ló wà nínú gbólóhùn “gbígbó” tó wà nínú ìwé àdéhùn ilé yín.

Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí òun ni gbogbo ìdáhùn mi. Gbólóhùn yẹn kò sọ pé ohun tó bá ti gbó, adójútòfò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbàjẹ́ tí ogbó bá fà ni wọn ò ní san. Òrùlé tó gbó wà lọ́tọ̀, ìbàjẹ́ tí ogbó fà wà lọ́tọ̀. Wọ́n mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé yín nígbà tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín, ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ́kọ́ kọ. Wọn ò ní kí ẹ lọ ra òrùlé tuntun kí wọ́n tó gbà á. Wọn ò lè wá sọ lónìí pé ọdún 16 nìkan ti tó láti dá yín lẹ́bi.

Bí ògiri ò lanu, alángbá ò lè wọ inú rẹ̀. Òwe tí lẹ́tà wọn ń pa fún yín láì dárúkọ òwe nìyẹn. Kì í sì í ṣe ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí amòfin máa bi wọ́n padà ni pé: bí ìjì ò bá jà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣé páànù mẹ́rin yẹn máa wà lórí ilé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí kì í gbàgbé. Ní oṣù kìíní ọdún 1915, nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì fi tọ̀pídò lu ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Ikaria. Ọkọ̀ náà kò rì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé e dé èbúté Le Havre nílẹ̀ Faransé. Ìjì bá bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ gbá ògiri èbúté, ẹ̀rù sì ba àwọn aláṣẹ ibẹ̀ pé yóò rì dí wọn lọ́nà, ni wọ́n bá ní kí wọ́n gbé e bọ́ síta. Níta ọ̀hún, bí omi bá fà, ìdí ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀. Bí omi bá tún kún, á léfòó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi dá, ó sì rì. Ìwé ìdójútòfò rẹ̀ gba ewu òkun, ṣùgbọ́n ó yọ ewu ogun sílẹ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ ní ìjì àti òkun ló rì í. Lọ́dún 1918, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní rárá, tọ̀pídò ló rì í. Ìjì ló dé kẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í wo ẹni tó dé kẹ́yìn. Okùnfà tó lágbára jù ni wọ́n ń wò.

Ẹ ò rí i bí ẹjọ́ yìí ṣe lè gbè yín, tó sì tún lè pa yín lára? Bí ìjì bá ni okùnfà tó lágbára jù, ẹ̀yin lẹ jàre. Ṣùgbọ́n adójútòfò lè sọ pé ìpẹtà ni tọ̀pídò tiyín, ìjì kàn wá parí iṣẹ́ ni. Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni ẹjọ́ kan tí wọ́n dá lọ́dún 1973, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ilé iṣẹ́ kan jóná. Ọ̀pá oníke tí kò yẹ ni wọ́n lò, ẹnì kan sì tan ẹ̀rọ ìgbóná sílẹ̀ mọ́jú láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ilé ẹjọ́ ní bí okùnfà méjì bá jọ fa òfò pẹ̀lú agbára kan náà, tí ìwé àdéhùn gba ọ̀kan tó sì yọ èkejì sílẹ̀, èyí tó yọ sílẹ̀ ni yóò borí. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé “ìjì àti ìpẹtà ló jọ ṣe é”. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kọ ìdájọ́ fún wọn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ́fíìsì onílàjà tó ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín ará ìlú àti àwọn ilé-iṣẹ́ owó máa ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, mo sì fẹ́ràn wọn torí wọn ò díjú. Ṣé ìjì jà lóòótọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n ń sọ, tàbí nítòsí rẹ̀? Ṣé ìbàjẹ́ yìí jọ irú èyí tí ìjì máa ń ṣe? Ṣé ìjì yẹn ni olórí okùnfà? Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bọ́ mọ́ onílé lọ́wọ́, kì í ṣe àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, ẹ má fojú di àkọ́kọ́. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá mì wíńdò kọ́ ni ìjì lójú adójútòfò. Àwọn ìwé àdéhùn kan máa ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn adójútòfò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, ka afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ dé máìlì 55 ní wákàtí kan sí ìjì, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 88. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò tó bá rọ tó mìlímítà 25 láàárín wákàtí kan. Ẹ wo ìwé tiyín bóyá wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ gba àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́. Ìwé kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹnu mọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gun òrùlé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni ìjì máa ń ti òrùlé ṣubú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré kọjá lórí ilé, ńṣe ló ń fa páànù sókè, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa ìdérí ìkòkò. Etí òrùlé, igun rẹ̀ àti góńgó orí rẹ̀ ni ìfà yìí ti máa ń pọ̀ jù. Nínú fọ́tò kẹta tí ẹ fi ránṣẹ́, páànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lọ, etí ilé ni wọ́n wà, wọ́n tẹ̀léra wọn láti igun, èyí tó kẹ́yìn sì ká sẹ́yìn bí ẹní. Ìwà ìjì nìyẹn. Ogbó kì í ká páànù. Ogbó á lu ú ní ihò wẹ́wẹ́, á jẹ ẹ́ létí, á jẹ́ kó máa jò díẹ̀díẹ̀.

Ẹ tún wo ihò ìṣó. Ibi tí agbára ti fa páànù ya, ihò náà á gùn, etí rẹ̀ á rí ṣákaṣàka, irin ibẹ̀ á sì máa dán torí pé ọgbẹ́ tuntun ni. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ ihò náà gbòòrò kí ìjì tó dé, yóò rí róbótó, òrùka pupa rẹ́súrẹ́sú á sì yí i ká. Páànù tó wà lẹ́yìn ilé yín ní oríṣi méjèèjì, mo rí i. Ẹ má fi èyí tí kò dára pa mọ́. Ẹ kà wọ́n. Bí ihò 22 nínú 30 bá ya tuntun, tí 8 sì ti jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye ihò tó ya tuntun ni yóò sọ ohun tó lágbára jù.

Igi tí ìṣó wọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Bí ìṣó bá fà jáde pẹ̀lú ẹ̀rún igi líle lára rẹ̀, igi náà ṣì le, ó gbìyànjú. Bí igi bá dúdú, tí èékánná ń wọ inú rẹ̀, tàbí tí ikán ti jẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, a jẹ́ pé òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Bákan náà, ẹ wo òrùlé àwọn aládùúgbò. Bí ilé tó jẹ́ tuntun ju tiyín lọ bá ṣí lálẹ́ ọjọ́ kan náà, tí ẹni tó ni ín sì gbà kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ̀rí ńlá nìyẹn; ogbó kọ́ ló ṣí tiẹ̀.

Inú ilé ló kù. Àmì omi lára àjà dà bí ọdún lára igi. Nígbàkígbà tó bá rin tó sì gbẹ, òrùka aláwọ̀ ilẹ̀ kan á kù. Àjà tó rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àmì kan gbàgàdà ló máa ní, kò ní ní òrùka nínú òrùka. Mo wo àjà yàrá ìbùsùn yín nínú fọ́tò keje, mo ka òrùka mẹ́rin ó kéré tán. Yàrá náà kò sì sí lábẹ́ ibi tí páànù ti ṣí. Ibi tí òrùlé méjì ti pàdé ló wà, níbi tí ewé gbígbẹ kún inú gọ́tà dẹ́múdẹ́mú. Omi ti ń gba ibẹ̀ wọlé tipẹ́. Ẹ dárí jì mí bí mo bá sọ ọ́ gan-an bó ṣe rí: ọkùnrin tó wá fún ogún ìṣẹ́jú yẹn, àjà yàrá yìí ló rí, òun ló sì fi dá gbogbo ilé lẹ́jọ́.

Nítorí náà, ẹ yọ yàrá kúrò nínú ohun tí ẹ ń béèrè. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé ẹ kò béèrè owó rẹ̀ mọ́, torí pé ó ti ń jò kí ìjì tó jà. Mo mọ̀ pé ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ṣòro láti pè é ní òpùrọ́ nígbà tó bá ń sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ti pálọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn, òjò tó bá gba ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀ wọlé, kò sí owó lórí rẹ̀. Òjò tó bá gba ojú tí ìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wọlé, owó wà lórí rẹ̀. Abẹ́ páànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni pálọ̀ yín wà gẹ́lẹ́, àjà tó já náà kò sì ní òrùka àtijọ́ kankan. Kódà bí wọ́n bá takú pé àwọn ò ní san owó páànù torí ó ti gbó, ìyẹn kò sọ pé owó àjà pálọ̀ náà ti lọ. Ohun tó gbó wà lọ́tọ̀, ohun tí kò gbó tí omi bàjẹ́ wà lọ́tọ̀. Ti àga àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ wò ó bóyá ilé nìkan ni ẹ dójútòfò rẹ̀ tàbí ilé pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, torí ìwé méjì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ ò bá ra ti ẹrù, kò sí ohun tí a lè ṣe síyẹn.

Tí wọ́n bá wá gbà láti san owó òrùlé, ẹ múra sílẹ̀ fún ìṣirò kan tí yóò yà yín lẹ́nu. Àwọn ìwé àdéhùn kan ń san iye tí wọ́n ń ta ohun tuntun. Àwọn mìíràn á yọ iye ọdún tí ẹ ti lò ó kúrò. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ adójútòfò ló ti sọ ìyẹn di ìlànà fún òrùlé tó bá ti dàgbà. Ẹ jẹ́ ká pe owó òrùlé tuntun ní 100. Bí wọ́n bá ní irú òrùlé yín máa ń lo ogún ọdún, ọdún 16 ti kó 80 lọ, ó ku 20. Bí ó bá jẹ́ ogójì ọdún ló ń lò, 40 péré ló lọ, ó ku 60. Òrùlé kan náà, ọjọ́ kan náà o! Nínú èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, wọ́n á tún yọ iye tí àdéhùn ní kí ẹ máa fi ara gbà fúnra yín. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ gba nọ́ńbà ọdún yẹn láìbéèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Páànù tó nípọn kì í ṣe ẹgbẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ sísun tí wọ́n fi ń bo ilé lè lo àádọ́ta ọdún kó tún lé. Ẹ bi ẹni tó bò ó fún yín nípa irú èyí tó lò.

Ó ku ọ̀rọ̀ “àìtọ́jú” tó wà nínú lẹ́tà wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọ́n so ó pọ̀ mọ́ “gbígbó” bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ogbó kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Àìtọ́jú ní tirẹ̀, ẹ̀sùn ni. Àdéhùn ní kí ẹ tọ́jú ilé bó ti yẹ, kò ní kí ẹ sọ ọ́ di tuntun. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti inú ẹjọ́ kan tí wọ́n dá lọ́dún 1967, bí wọ́n ṣe máa ń túmọ̀ irú gbólóhùn tó ní kéèyàn ṣọ́ra bó ti yẹ ni pé kí adójútòfò tó lè gùn lé e, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni náà mọ̀ pé ewu wà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ dágunlá sí i. Ẹni tí kò mọ̀, tàbí tó gbàgbé, kò tíì dé ibẹ̀. Nítorí náà, mo ní láti bi yín ní ìbéèrè kan tí ẹ ò ní láti dá mi lóhùn, kí ẹ dá ara yín lóhùn: ṣé káfíńtà kan ti sọ fún yín rí pé apá ibẹ̀ yẹn fẹ́ ṣí, tí ẹ ní ó di ọdún tó ń bọ̀? Bí kò bá sí, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá sì ti pe ènìyàn rí láti wá kan ìṣó tàbí láti kó gọ́tà, ẹ wá ẹ̀rí rẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ rìsíìtì. Àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti báńkì, gbogbo rẹ̀ ló wúlò.

Ohun kan tún wà tí lẹ́tà wọn kò sọ fún yín. Ní àwọn ilẹ̀ tí òfin wọn bá ti Gẹ̀ẹ́sì tan, ẹni tó ń béèrè owó ni yóò kọ́kọ́ fi hàn pé ewu tí àdéhùn gbà ló dé bá òun: ìjì jà, páànù ṣí, omi wọlé. Bó bá ti ṣe ìyẹn, ẹrù bọ́ sí èjìká adójútòfò. Bí adójútòfò bá ní ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí àdéhùn yọ sílẹ̀, òun ni yóò mú ẹ̀rí wá. Kíkọ “ogbó” sórí ìwé kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ ní kí wọ́n fi gbogbo ìròyìn tí olùyẹ̀wò wọn kọ ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò tó yà, kí wọ́n sì sọ ìlà tó wà nínú àdéhùn tí wọ́n gùn lé. Bí ó bá ṣe pé ilẹ̀ ló dúró sí tí kò gun òrùlé, yóò hàn nínú fọ́tò rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun ohunkóhun o! Mo ṣiṣẹ́ ní ọ̀dọ̀ àwọn adójútòfò fún ọdún bíi mélòó kan kí n tó máa gba àwọn onílé nímọ̀ràn. Baba kan wà tí yìnyín lu òrùlé rẹ̀, owó tọ́ sí i, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ ojú ń tì í fún ìpẹtà tó wà lápá kejì. Nígbà tí mo gun òrùlé rẹ̀, ọ̀dà ò tíì gbẹ. Ó lẹ̀ mọ́ mi ní ṣòkòtò. Wọ́n ní ó fẹ́ tan àwọn jẹ, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ nù, títí kan èyí tó tọ́ sí i. Láti ọdún 1766 ni adájọ́ kan, Lord Mansfield, ti là á kalẹ̀ nílé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni méjèèjì tó bá wọ àdéhùn ìdójútòfò gbọ́dọ̀ fi òótọ́ inú bá ara wọn lò. Ẹni méjèèjì ni mo wí. Kò yọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì yọ onílé sílẹ̀.

Bíbo ojú ihò kì í ṣe ẹ̀tàn ní tirẹ̀. Dandan ni. Bí òjò mìíràn bá tún gba ibẹ̀ wọlé torí pé ẹ ń dúró de ìdáhùn wọn, ìbàjẹ́ kejì yẹn lọ́rùn yín ló wà. Ẹ ya fọ́tò, ẹ ta tapólì bò ó, ẹ pa rìsíìtì mọ́, ẹ sì béèrè owó rẹ̀ pẹ̀lú ìyókù. Àtúnṣe àṣepé ni kí ẹ má tíì ṣe títí ẹlòmíràn á fi wò ó.

Ẹlòmíràn yẹn ni káfíńtà tàbí ẹnjiníà tí kò bá yín tan. Ẹ má gba ìwé tó kàn sọ pé “ìjì ló ba òrùlé yìí jẹ́”. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, kò sì níyelórí. Ẹ jẹ́ kó kọ ibi tí páànù ti ṣí, apá ibi tó ká sí, bí ihò ìṣó ṣe rí àti iye wọn, bí igi ṣe le tó, àti ohun tó rò nípa àwọn páànù tó kù tí kò ṣí, torí wọ́n jọ dàgbà ni. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yín: bí ogbó bá ni olórí okùnfà, kí ló dé tí páànù tó wà láàárín, tí wọ́n jọ pé ọdún 16, ṣì dúró digbí?

Kí ẹ wá kọ̀wé. Kí lẹ́tà náà má ju ojú ewé méjì lọ, kó má sì ní èébú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àti wákàtí ìjì, ẹ fi àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ tì í. Ẹ sọ ti pálọ̀, ẹ sọ ti páànù mẹ́rin, ẹ yọ yàrá. Ẹ béèrè ìròyìn olùyẹ̀wò wọn. Ẹ ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá, ẹni tí yóò gun òkè. Ẹ tún wo ìwé àdéhùn fún iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fi àìtẹ́lọ́rùn hàn, torí ìyẹn ti pa ẹjọ́ tó dára jù tiyín lọ. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ onílàjà tàbí aláṣẹ tó ń bójú tó àwọn adójútòfò níbi tí ẹ wà. Ilé ẹjọ́ ló kẹ́yìn, ó sì lè jẹ owó ju òrùlé lọ.

Mo rí i nínú lẹ́tà yín pé ẹnì kan fẹ́ wá ra àwọn páànù tó ká yẹn bí irin àlòkù lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má tà á. Ẹ kó o sábẹ́ ibi tí òjò ò ti ní pa á, kí ẹ̀gbẹ́ ihò tó ya tuntun yẹn má baà dípẹtà kí olùyẹ̀wò kejì tó dé.